Iná Marsali Kò Tàn

Ishbel, tó ń gbé ọtí fún àwọn oníbàárà nílé ọtí Torquil, ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi, lọ́jọ́ tí a jọ ń ká aṣọ lórí okùn kí òjò tó dé. Ó ní bí mo bá máa kọ ọ́, kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí iná, torí pé iná ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Iná kékeré kan wà lẹ́yìn káńtà Torquil, láàárín ìgò wisikí méjì. Bó bá tàn ní àwọ̀ ewé, a jẹ́ pé Marsali, ọmọ Torquil, ti wà lójú òkun, ó sì ti tan kámẹ́rà ọkọ̀ rẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sì lè máa wò ó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ Marsali ni kó mòòkùn lọ sísàlẹ̀ òkun, kó fọwọ́ ṣa ẹran oníkarahun wá sókè. Òun nìkan ló ń lọ. Bí àwòrán náà bá dá, iná á di pupa, agogo á sì dún. Àdéhùn bàbá àti ọmọ ni pé Marsali kò gbọ́dọ̀ pa kámẹ́rà láì kọ́kọ́ pe bàbá rẹ̀ lórí rédíò ọkọ̀. Bí agogo bá dún láìsí ìpè, kí Torquil sáré pe àwọn ẹ̀ṣọ́ etí òkun.

Lápá ìparí ìgbà òtútù, bátìrì ọkọ̀ Marsali kú lójú òkun. Ẹ́ńjìnnì kú, rédíò kú, àwòrán dá. Iná ò tàn. Agogo ò dún. Omi ń gbé ọmọbìnrin náà lọ, bàbá rẹ̀ wà lẹ́yìn káńtà, ó ń ta bíà, ó ń bá àwọn èèyàn ṣàwàdà. Bí kì í bá ṣe pé ọ̀gá ọkọ̀ fẹ́rì tó ń gbé èrò wá sí erékùṣù yìí rí i lókèèrè, à bá ti máa sọ ìtàn mìíràn.

Nígbà tí Torquil gbọ́, orúkọ kan ṣoṣo ló jáde lẹ́nu rẹ̀: Lachlan. Lachlan ló ṣe iná náà nígbà tí òun àti Marsali ṣì ń fẹ́ra wọn. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fira wọn sílẹ̀ gan-an ni iná náà ò tàn mọ́. Torquil kọ̀wé sí ọlọ́pàá pé ọmọkùnrin náà fẹ́ pa ọmọ òun.

Wọ́n rán Sájẹ́ńtì Effie Rendall wá.

*

Bí Sájẹ́ńtì ṣe ń bọ́ sílẹ̀ nínú fẹ́rì àárọ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ omi. Ó ń gbọn bàtà rẹ̀ nígbà tó rí ọmọbìnrin kan tó ń gbé àgbá afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ń mí lábẹ́ omi sínú ọkọ̀ kékeré.

"Ẹ̀yin ni wọ́n rán wá torí gílóòbù?" Marsali bi í.

"Torí tìẹ ni wọ́n ṣe rán mi wá. Ṣé gílóòbù náà ti ń ṣiṣẹ́?"

"Rárá."

"O sì ń lọ?"

"Omi tòrò lónìí. Ó di ọ̀la, afẹ́fẹ́ á ti dé. Sájẹ́ńtì, mo ti ń mòòkùn kí ẹnikẹ́ni tó gbé iná síbì kankan."

"Ìwọ àti Lachlan, kí ló fà á tí ẹ fi fira yín sílẹ̀?"

"Ó ní ká kó lọ sí Glasgow. Mo ní mi ò lọ." Ó ń so okùn, kò gbójú sókè. "Ó jáde nílé ọtí Dádì, ó fi ìbínú ti ilẹ̀kùn débi pé aago ara ògiri já bọ́, ó sì fọ́ yángá. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kejì, mo yí gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà mi padà. Inú ń bí mi ni."

"Ṣé ó lè fẹ́ ibi fún ọ?"

Marsali tú okùn ọkọ̀. Ó tan ẹ́ńjìnnì.

"Ẹ bi òun náà," ó wí, ó sì lọ.

*

Ishbel bá Sájẹ́ńtì gbé bàtà rẹ̀ sẹ́bàá ààrò kó lè gbẹ, ó sì fún un ní tíì. Kò pẹ́ tí Marsali fi yọ lórí fóònù Ishbel. Ó ń juwọ́ sí kámẹ́rà, irun rẹ̀ ń fò. Gbogbo wọn yíjú sẹ́yìn káńtà.

Iná náà dúdú.

"Ẹ ti rí i báyìí?" ni Torquil wí. Ó tóbi, ó ga. "Ọmọ mi fẹ́ wọ inú omi, mi ò sì ní nǹkan kan tó máa sọ fún mi bóyá ó yè tàbí ó kú."

"Ẹ ò lè máa wò ó lórí fóònù?"

"Ta ló máa wá ta ọtí? Mo gbójú kúrò lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ yẹn, Sájẹ́ńtì. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Lachlan, tí Sájẹ́ńtì ti ránṣẹ́ pè, wọlé. Ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ẹni tó mọ̀ pé gbogbo ojú tó wà níbẹ̀ ló ń wo òun. Láti ọjọ́ tó ti ilẹ̀kùn yẹn, kò tíì tẹ ẹsẹ̀ sínú ilé ọtí náà.

"Ìwọ lo ṣe iná yìí?" Sájẹ́ńtì bi í.

"Èmi ni."

"Ìwọ lo bà á jẹ́?"

"Rárá o."

"Irọ́!" Torquil pariwo. "Ta ló tún mọ̀ ọ́n ṣe ní gbogbo erékùṣù yìí? Èmi? Àbí àwọn àgùntàn?"

"Ẹ fara balẹ̀, bàbá," ni Sájẹ́ńtì wí. "Lachlan, ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bí ẹni pé mi ò mọ nǹkan kan. Òótọ́ sì ni, mi ò mọ̀ ọ́n."

"Bí Marsali bá tan kámẹ́rà, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé àwòrán rẹ̀ jáde á fi ìfitónilétí ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà kékeré tó wà lábẹ́ káńtà yìí. Wọ́n á kọ aago tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, wọ́n á sì fi òǹtẹ̀ lù ú. Kọ̀ǹpútà á yẹ òǹtẹ̀ náà wò. Bó bá jẹ́ tiwọn, á dá wọn lóhùn pé òun ti gbà á, á sì tan iná. Bí àwòrán bá dá, bákan náà ni."

"Bí òǹtẹ̀ ò bá bára mu ńkọ́?"

"Á kọ̀ ọ́, á dá a padà fún wọn."

"Jẹ́ kí n rí i kó tàn."

Lachlan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tẹ nǹkan lórí kọ̀ǹpútà. Lẹ́sẹ̀kan náà, iná tàn ní àwọ̀ ewé. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Iná di pupa, agogo dún débi pé Ishbel fẹ́rẹ̀ẹ́ ju ife sílẹ̀.

"Mo wí bẹ́ẹ̀!" Torquil fọwọ́ lu káńtà. "Bó bá jẹ́ tiẹ̀, á tàn. Bó bá jẹ́ ti ọmọ mi, kò ní tàn. Ẹ mú un lọ jàre!"

Sájẹ́ńtì ò dá a lóhùn. Ó ń wo iná náà.

"Èyí tí o fi dán an wò yẹn, níbo ló ti wá?"

"Inú kọ̀ǹpútà yìí náà ni. Mo ní kó kọ ọ́ sí ara rẹ̀."

"Èyí tòótọ́ ti àárọ̀ yìí ńkọ́? Bóyá ilé-iṣẹ́ yẹn ò tiẹ̀ fi ránṣẹ́."

Lachlan ṣí ojú ìwé ilé-iṣẹ́ náà lórí fóònù rẹ̀. Bó ṣe ń kà á, ojú rẹ̀ ń yí padà.

"Wọ́n fi ránṣẹ́," ó wí. "Kọ̀ǹpútà yìí sì dá wọn lóhùn pé òun ti gbà."

Lórí fóònù Ishbel, Marsali ti wọ aṣọ omi, ó gbé àgbá afẹ́fẹ́ pọ̀n, ó fẹ̀yìn wọ inú òkun. Ó ku ọkọ̀ lásán, tó ń mì.

"Marsali ní òun yí ọ̀rọ̀ aṣínà òun padà," ni Sájẹ́ńtì wí.

Ojú Lachlan là. "Ìyẹn ni! Ó ní láti jẹ́ pé ó yí ọ̀rọ̀ àṣírí tí wọ́n fi ń lu òǹtẹ̀ náà padà. Òǹtẹ̀ ò lè bára mu mọ́..."

"Dúró ná. O sọ pé bí òǹtẹ̀ ò bá bára mu, á dá a padà. Kò dá a padà. Ó ní òun ti gbà."

Lachlan jókòó sórí àga.

"Ó gbà á lóòótọ́," Sájẹ́ńtì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ó mọ̀ pé tiwọn ni. Ó tún wá jù ú nù. Lachlan, wò mí lójú. Ṣé o kọ́ kọ̀ǹpútà yìí pé kó máa ju nǹkan nù?"

Lachlan gbójú sókè wò ó.

"Ẹyọ kan. Èyí tó bá ti pẹ́ ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ kó tó dé. Kí ẹnì kan má bàa jí ìfitónilétí àná, kó fi tàn wá jẹ lónìí. Á ní òun ti gbà á kí wọ́n má bàa máa fi ránṣẹ́ léraléra, á wá jù ú nù."

"Ta ló lè dá a dúró lọ́nà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá?"

"Kò sẹ́ni náà. Kí èèyàn tó ṣẹ́jú ni ó ti dé."

"Ó ti jẹ́wọ́!" ni Torquil wí. Kò pariwo lọ́tẹ̀ yìí. "Ó ní òun kọ́ ọ pé kó máa jù ú nù. Etí gbogbo yín ló gbọ́."

Sájẹ́ńtì mí kanlẹ̀. Ohun tó wà níwájú rẹ̀ kò dára fún ọmọkùnrin náà, kò sì rí àlàyé mìíràn tó lè fi gbèjà rẹ̀.

"Lọ di báàgì rẹ, Lachlan. A jọ máa wọ fẹ́rì ìrọ̀lẹ́."

*

Lẹ́yìn ọ̀sán, kùrukùru bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti ojú òkun. Ní àkọ́kọ́, ó bo àpáta tó wà lẹ́nu èbúté. Lẹ́yìn náà, ó bo èbúté fúnra rẹ̀. Marsali ti jáde lẹ́ẹ̀kan, ó da ẹrù sínú ọkọ̀, ó sì tún padà wọ inú omi. Torquil ń nu ife kan náà. Ó ń lọ sójú fèrèsé, ó ń bọ̀.

Lachlan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, báàgì rẹ̀ wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn apẹja méjì tó ń lọ rí dókítà lódìkejì omi jókòó sí ìdí ààrò, àpótí tiwọn náà wà nílẹ̀.

Sájẹ́ńtì gbójú sókè wo ara ògiri. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kan ni Torquil gbé síbi tí aago tó fọ́ wà tẹ́lẹ̀, nọ́ńbà aago gàgàrà ló sì wà lójú rẹ̀. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta kí fẹ́rì ṣí!

Ó fò dìde. Ó ki ẹsẹ̀ bọ inú bàtà tí kò tíì gbẹ, ó wọ ti ọ̀tún sí ẹsẹ̀ òsì, ó tún bọ́ ọ, ó ń wá ẹ̀wù rẹ̀ káàkiri. "Lachlan! Ká lọ! Ká lọ!"

Lachlan ò mira. Ọ̀kan nínú àwọn apẹja náà na ife rẹ̀ sí Ishbel pé kó bu òmíràn sí i.

Sájẹ́ńtì dúró pẹ̀lú bàtà kan lẹ́sẹ̀.

"Ẹ̀yin náà ò ń wọ fẹ́rì yìí ni?"

"À ń wọ̀ ọ́," ni apẹja náà wí.

"Ẹ wá ń bu bíà sí i?"

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ jókòó, Sájẹ́ńtì. Aago ilé ọtí nìyẹn. Ẹ yọ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kúrò."

"Ọ̀gá wa ló ń tì í síwájú," Ishbel ṣàlàyé. "Kí àwọn wọ̀nyí lè rò pé ilẹ̀ ti ṣú, kí wọ́n tètè máa lọ sọ́dọ̀ ìyàwó wọn. Gbogbo ilé ọtí ló ń ṣe é."

"Ṣùgbọ́n kò tàn wá jẹ rí," ni apẹja kejì wí. "Láti kékeré la ti ń yọ ọ́ kúrò."

Sájẹ́ńtì wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó wo ara ògiri. Ó jókòó díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé gbogbo èèyàn ní láti dákẹ́.

"Torquil. Tẹlifíṣọ̀n yẹn, kí ló ń sọ aago fún un?"

"Kọ̀ǹpútà abẹ́ káńtà. Mo rí i pé ó ní aago nínú, mo fi wáyà so wọ́n pọ̀."

"Nígbà wo?"

"Nígbà tí èyí tó jókòó síbẹ̀ yẹn fọ́ aago bàbá mi."

"Ọ̀sẹ̀ tí iná kú. Ẹ sì ti aago kọ̀ǹpútà síwájú?"

"Ó gbó mi lẹ́nu! Bí mo bá tì í síwájú, á padà sẹ́yìn fúnra rẹ̀. Mo wá ohun tó ń tún un ṣe títí mo fi rí i, mo pa á."

Lachlan ti dìde.

"Bí ìfitónilétí bá dé lójú ẹsẹ̀," Sájẹ́ńtì bi í, "mélòó ni kọ̀ǹpútà yìí máa rò pé ó ti pẹ́ lọ́nà?"

"Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún," ni Lachlan wí. "Gbogbo ìgbà. Èyí tí mo fi ń dán an wò, aago tiẹ̀ náà ló ń kọ sí i. Ìdí nìyẹn tí ìyẹn fi ń tàn." Ó wo tẹlifíṣọ̀n. "Mo ti wà níbí láti àárọ̀. Mo ń wò ó. Mo ń fọkàn yọ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn kúrò, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo ń yọ ọ́."

Ife bọ́ lọ́wọ́ Torquil.

Lachlan fo káńtà kọjá. Ọwọ́ rẹ̀ sáré lórí kọ̀ǹpútà, ó tan ohun tí Torquil pa. Nọ́ńbà ara ògiri fò sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ṣé ó ti dára?" ni Torquil wí. "Ṣé ó ti dára báyìí?"

"Mi ò lè mọ̀. Ìfitónilétí ti àárọ̀ ti lọ. Ẹyọ kan tó kù lónìí ni èyí tó máa wá nígbà tí àwòrán rẹ̀ bá dá."

Gbogbo wọn kó jọ sídìí fóònù Ishbel. Ọkọ̀ lásán. Kùrukùru. Òrùka kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú fóònù, àwòrán náà sì dúró gbagidi.

"Íńtánẹ́ẹ̀tì wa ni," ni Ishbel wí. "Ó máa ń ṣe báyìí."

"Tiwa ni?" ni Torquil béèrè. "Àbí tiẹ̀ ni?"

Iná pupa. Agogo.

Torquil yíjú sí Lachlan pẹ̀lú ìbínú. "Ìwọ lo tẹ̀ ẹ́!"

Lachlan gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè. Kò sí nǹkan kan nínú wọn.

Rédíò tó wà lẹ́bàá ìgò ò sọ nǹkan kan.

"Kò pè yín," ni Sájẹ́ńtì wí. "Torquil, kò pè yín! Ẹ pe àwọn ẹ̀ṣọ́ etí òkun, kíá!"

*

Lachlan mú àwọn ẹ̀ṣọ́ dé ibi tí Marsali máa ń mòòkùn sí, torí pé òun nìkan ló ti bá a lọ síbẹ̀ rí. Bátìrì ti kú lẹ́ẹ̀kejì. Ìdákọ̀ró ti tú, ọkọ̀ sì ti bá omi lọ nínú kùrukùru kí Marsali tó jáde sókè. Wọ́n bá a níbi tó ti dì mọ́ bọ́ọ̀lù rọ́bà tí àwọn apẹja fi sàmì sí ibi ìgèrè wọn. Ètè rẹ̀ ti dúdú. Dókítà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ mú wá ní ká ní wọ́n pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ọwọ́ rẹ̀ ì bá ti yọ kúrò lára bọ́ọ̀lù náà.

Nígbà tí wọ́n gbé e gun orí èbúté, ó bi wọ́n pé, "Ṣé ó dún?"

"Ó dún," ni Lachlan wí. Kò sí ohun mìíràn tí wọ́n bá ara wọn sọ.

*

Lọ́jọ́ kejì, Marsali ń sùn lókè. Sájẹ́ńtì ti ṣíwájú lọ sí èbúté. Kò bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀ mọ́, ó kàn fa ìwé ẹ̀sùn Torquil ya sórí káńtà, ó sì fún Ishbel ní owó tíì.

Lachlan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn pẹ̀lú báàgì kan náà. Ẹnikẹ́ni ò ní kó lọ lọ́tẹ̀ yìí.

Torquil gbé ìgò wisikí kan sílẹ̀ láti orí pẹpẹ tó ga jù, èyí tí kì í tà. Ó gbé ife méjì síwájú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ìkíní.

"Ọ̀gá," Ishbel sọ ọ́ sí i létí. "Bó bá máa jẹ́ pé ẹ máa sọ ọ́, ẹ sọ ọ́ báyìí."

"Mo ń wá bí mo ṣe máa sọ ọ́."

"'Má bínú' ni wọ́n ń pè é. Kò gùn."

"Mo mọ̀. Mo mọ̀." Torquil wo ara ògiri, ó yọ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kúrò bó ti máa ń ṣe láti ìgbà tó ti ń ta ọtí. "Àyè ṣì wà," ó wí, ó mú ife kejì, ó ń nù ún.

Lachlan náà wo ara ògiri. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tún aago náà ṣe. Ó dìde, ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó ní, "Ishbel, ẹ ṣeun fún tíì." Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sì rọra tì í.

Torquil gbójú sókè. "Níbo ló ń sáré lọ? Fẹ́rì ò tíì..."

Fèrè fẹ́rì dún.

Ishbel ní òun sáré dé ojú fèrèsé. Torquil dúró lẹ́yìn òun, ife kan ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, ó ń pe orúkọ ọmọkùnrin náà sínú gíláàsì fèrèsé. Lachlan gun àkàsọ̀ fẹ́rì, ó kọjá lára Sájẹ́ńtì, ó wọ inú lọ. Kò wẹ̀yìn.